Gílóòbù wo ló yẹ fún lámpù ilé, tí kò ní jẹ yúníìtì, tí kò sì ní tètè jó?

Àbíkẹ́_Ajílósùn

Èkìtì Kete, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iná, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Lámpù mẹ́rin ni mo fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù wọn. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tòkunbọ̀ ni wọ́n, onísìkúrúù, ìbòrí aṣọ sì wà lórí wọn. Ìkẹta ni èyí tó dúró gbọọrọ ní igun pálọ̀, onípíìnì ni, òun náà ní ìbòrí. Ìkẹrin ni lámpù ọlọ́rùn títẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń kàwé, onípíìnì lòun náà. Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná yẹn, 60W, ló wà nínú gbogbo wọn, yúníìtì la sì ń rà sínú mítà wa. Ìnfátà kékeré kan tún wà, pẹ̀lú bátìrì 100Ah ẹyọ kan.

Téèyàn bá dé ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba, 5W, 9W, 12W, 18W ni wọ́n á tò kalẹ̀. Òmíràn funfun, òmíràn yẹ́lò. Ọ̀kan ò ju owó gúgúrú lọ, èkejì á sì tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Kí ni kí n máa wò lára páálí? Kí ló sì ń pa àwọn LED kan láàárín oṣù mélòó kan, nígbà tí wọ́n kọ wákàtí 15,000 sí i lára?

Wáyàmẹ́nì_Òkèṣà

Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ pa wáàtì tì ná. Wáàtì ni iye iná tí gílóòbù ń jẹ. Lúmẹ̀nì ni ìmọ́lẹ̀ tó ń fún yín, "lm" ni wọ́n máa ń kọ sára páálí. Gílóòbù 60W tẹ́ ẹ ń lò yẹn, nǹkan bí 800 lm ló ń mú jáde. Ti 40W tó 450, ti 75W tó 1,100, ti 100W tó 1,600. LED tó dáa á fún yín ní 800 yẹn pẹ̀lú 8W tàbí 9W. Àwọn enájísefà tí túùbù wọn lọ́ mọ́ra á lo 13W sí 15W kó tó mú un jáde. Nínú iná tí 60W yín ń jẹ, ó ju àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó ń di ooru lásán. Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ wo owó rẹ̀. Lámpù mẹ́ta, 60W 60W, wákàtí márùn-ún lálẹ́: 0.9 yúníìtì lójúmọ́, 27 lóṣù. Ẹ fi 9W sí i, yúníìtì 4 àti díẹ̀ ni lóṣù. Yúníìtì 23 tó kù, ẹ fi iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan ní band yín lù ú, ẹ ó rí iye tó ń bọ́ lọ́wọ́ yín.

Tí páálí ò bá kọ lúmẹ̀nì rárá, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Tó bá kọ ọ́, ẹ fi wáàtì pín in. LED ilé tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń wà láàárín 80 sí 110 lm fún wáàtì kan. Èyí tó ń fúnni ní 200 wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe owó gúgúrú ni wọ́n ń tà á. Nítorí náà, 9W olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 1,800 lm sí, irọ́ ni.

Fún ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, 250 sí 450 lm tó. 3W sí 5W nìyẹn. Fún ìwé kíkà, 450 sí 800. Kẹ́ ẹ sì tó ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fáwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ tẹ ọrùn lámpù wálẹ̀: tí gílóòbù bá fi ìdajì ọ̀nà sún mọ́ ìwé, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí ìwé á di ìlọ́po mẹ́rin. Pálọ̀ lè gba 800 sí 1,000 lm, torí ìbòrí aṣọ tó nípọn máa ń gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ mì.

Ìdí gílóòbù: onípíìnì yín ni B22, onísìkúrúù ni E27. E14, sìkúrúù tẹ́ẹ́rẹ́, ni ti sandalíà. Níbi tòkunbọ̀ lẹ ti ní láti ṣọ́ra. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni lámpù yẹn ti wá, E26 ni hólídà rẹ̀. E27 á wọ inú rẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. Wàhálà ni pé gílóòbù tó bá a wá lè jẹ́ ti 120V. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ iná 230V tiwa, á jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀: tí "120V" bá wà níbẹ̀, ẹ má tàn án wò. Lámpù Amẹ́ríkà tó bá sì jẹ́ pé ẹ máa fọwọ́ kan irin rẹ̀ kó tó tàn, tàbí tó ní bọ́tìnì tí ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, 120V ni wọ́n ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀ fún. Kí wáyàmẹ́nì yọ ọ́ kúrò, kó fi súìṣì lásán sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi wá tá a bá ń ta gílóòbù fún lámpù oníbòrí ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. LED tó wọ́pọ̀ jù, ìdajì rẹ̀ nísàlẹ̀ jẹ́ ike funfun tàbí irin, ìdajì lókè ló ń tàn. Nínú hólídà òrùlé, ó dáa, torí orí rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Nínú lámpù orí tábìlì, orí rẹ̀ kọjú sókè: sílíìnì á mọ́ rekete, tábìlì á ṣókùnkùn, ìsàlẹ̀ ìbòrí náà á ní òjìji róbótó. Ẹ̀yin á wá rò pé gílóòbù ò lágbára, ẹ ó sì ra 12W, sílíìnì náà ni á tún mọ́ sí i. Fún lámpù mẹ́ta oníbòrí yín, èyí tó jẹ́ gíláàsì látòkè délẹ̀, tẹ́ ẹ ti ń rí okùn yẹ́lò gbọọrọ mẹ́rin tàbí mẹ́fà nínú rẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń tàn, títí kan ìdí. Tí ọ̀kan bá ń gún yín lójú nítorí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, wọ́n ní èyí tí gíláàsì rẹ̀ funfun bí omi ẹ̀kọ. Fún lámpù ìwé tó tẹ̀ wálẹ̀, ẹ má ra ti gíláàsì; èyí tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ike yẹn ló tọ́ níbẹ̀, iwájú ni ẹ fẹ́ kó sọ ìmọ́lẹ̀ sí.

Sólà_Ìkẹ́rẹ́

Ọ̀gá Òkèṣà ti sọ ti rírà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa á. Méjì ni: iná tí kì í dúró lójú kan, àti ooru.

Tẹ́ ẹ bá ṣí ìbòrí ike LED tó ti kú, ẹ ó rí ẹyọ kéékèèké yẹ́lò lórí pátákó rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ léra, wáyà kan ṣoṣo ló gba inú gbogbo wọn kọjá. Tí ẹyọ kan bá jó, gbogbo wọn á kú. Ẹyọ tó jó yẹn á ní ojú dúdú láàárín, bí orí abẹ́rẹ́. Ẹyọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tó kù, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Kí ló jó o? Lábẹ́ pátákó yẹn ni ohun tó ń bọ́ LED wà, oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ sì ni. Ti olówó pọ́ọ́kú kò ju kàpásítọ̀ kan (páàtì kékeré tó ń gba iná pamọ́ fúngbà díẹ̀) àti páàtì mélòó kan lọ. Kì í dá iná dúró. Bí áàfù-kọ́rẹ́ńtì bá dé, gílóòbù á rọ. Bí hai-kọ́rẹ́ńtì bá dé, á mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ooru á sì gun àwọn LED yẹn títí ọ̀kan á fi jó. Oríṣi kejì ní ohun tó ń ṣètò iná fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ "85–265V" tàbí "100–265V" sí i. Bí fóòtéèjì bá wálẹ̀ dé 160V ní ìrọ̀lẹ́, bó ṣe ń mọ́ ní 230V náà ló ṣe máa mọ́. Ẹ lè fojú mọ èyí tó wà nílé yín: nígbà tí fáànù bá ń yí wọ̀ọ̀-wọ̀ọ̀ nítorí áàfù-kọ́rẹ́ńtì, ẹ wo gílóòbù. Èyí tó bá fáànù rọ, ti àkọ́kọ́ ni. Ẹ fọwọ́ wọ̀n wọ́n pẹ̀lú; ti kejì sábà máa ń wúwo díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí páàtì inú rẹ̀ pọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ pa gbogbo lámpù kẹ́ ẹ tó fà á. Kí ẹ́ńjìnnì balẹ̀ ná, ẹ wá tan wọ́n. Kẹ́ ẹ tó pa á náà, ẹ kọ́kọ́ pa lámpù. Ìgbà tó burú jù ni ìgbà tí epo bá fẹ́ tán, tí ẹ́ńjìnnì ń sáré tí ó tún ń rọ̀, tó ń sáré tó tún ń rọ̀. Fóòtéèjì ń fò lọ fò bọ̀ ni lásìkò yẹn. Tí NEPA bá lọ, ẹ pa súìṣì. Tí wọ́n bá mú un dé, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú kan sí méjì kẹ́ ẹ tó tàn án. Tí ààrá bá ń sán, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lámpù kúrò lára ògiri. Kò sí gílóòbù tí ìyẹn ò lè pa, súìṣì pípa nìkan ò sì tó.

Ti ooru: kàpásítọ̀ aláwọ̀ agolo tó wà nínú ìdí gílóòbù kì í fẹ́ ooru. Ìlànà tí àwọn tó ń ṣe é ń tẹ̀ lé ni pé bí ooru bá fi 10°C dín kù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí rèé tí gílóòbù tó wà nínú abọ́ gíláàsì tí wọ́n dé pa lókè òrùlé fi ń tètè kú: ooru ń gòkè lọ bá ìdí rẹ̀, kò sì rí ibi jáde. Lámpù yín dáa ju ìyẹn lọ. Ìdí gílóòbù wà nísàlẹ̀, ooru ń gba ẹnu ìbòrí lọ sókè. Ẹ má kàn fi aṣọ tàbí fìlà bo ẹnu ìbòrí yẹn láti fi dín ìmọ́lẹ̀ kù lóru.

Ìnfátà yín ń kọ́? Bátìrì 100Ah lọ́nà 12V jẹ́ 1,200Wh. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi-ásíìdì, ẹ má lò kọjá ìdajì: 600. Ìnfátà á jẹ díẹ̀ nínú ìyẹn, ẹ ka 500 sí tiyín. Gílóòbù yín mẹ́rin, 5W méjì, 9W kan, 7W kan, jẹ́ 26W. Ìnfátà fúnra rẹ̀ lè máa jẹ 15W bó ṣe wà ní títàn. Wákàtí 12 nìyẹn. 60W mẹ́rin ìsinsìnyí, wákàtí 2 péré. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìnfátà onígun lẹ ní, èyí tí iná rẹ̀ kì í rọ́ra yí bíi ti NEPA, ẹ má fi gílóòbù oníkàpásítọ̀ sí i. Á máa kùn hìn-ìn-ìn, ìdí rẹ̀ á gbóná, kò sì ní pẹ́.

Àbíkẹ́_Ajílósùn

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìbéèrè mẹ́ta tún kù. Ọ̀kan, LED tó wà ní kọ́rídọ̀ wa, tá a bá pa á lóru, ó ṣì ń tàn fírífírí. Ṣé ó ń jẹ yúníìtì? Èkejì, funfun àbí yẹ́lò? Ìkẹta, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé 9W tí wọ́n kọ, 9W ni?

Físíìsì_Ìkòlé

Àǹtí mi, ẹ̀rọ wà lára ògiri yín: mítà. Ohun tí Sólà_Ìkẹ́rẹ́ sọ nípa 85–265V tọ̀nà, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́ sára páálí, ayédèrú náà ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ dán an wò ni.

Iná pupa kékeré kan máa ń ṣẹ́jú lójú mítà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ "1000 imp/kWh" tàbí "1600 imp/kWh". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó máa ṣẹ́jú nígbà 1,000, tàbí 1,600, kí yúníìtì kan tó tán. Ẹ pa gbogbo nǹkan nílé: fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n tó ní iná pupa kékeré nídìí, ṣájà fóònù, dékódà, ìnfátà pàápàá. Ẹ dúró wò ó. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, nǹkan kan ṣì wà tẹ́ ò tíì pa. Nígbà tó bá dákẹ́, ẹ tan gílóòbù tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n nìkan, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìgbà tí iná pupa yẹn bá ṣẹ́jú dé ìgbà tó bá tún ṣẹ́jú.

Fún mítà 1000, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá yẹn pín 3,600. Ohun tó bá jáde ni wáàtì. Fún 1600, 2,250 lẹ máa pín. Gílóòbù 60W yín á ṣẹ́ mítà 1000 lójú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan gééré. 9W ẹyọ kan á gba ìṣẹ́jú-àáyá 400, ó pẹ́ jù, mítà míì kì í sì í ka ẹrù tó kéré jọjọ dáadáa. Torí náà, ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jẹ́ oríṣi kan náà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní mẹ́ta tí wọ́n kọ 12W sí lára ni, tí ìṣẹ́jú-àáyá 200 sì kọjá kí iná pupa tó tún ṣẹ́jú: 3,600 pín sí 200 jẹ́ 18W, mẹ́fà-mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. 6W ni wọ́n tà fún yín lówó 12W. Ó wọ́pọ̀ ju ohun tí àwọn ọlọ́jà fẹ́ gbà lọ. Ẹ ò pàdánù yúníìtì nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lẹ pàdánù.

Fún títàn-pípa tí ojú ò rí: ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù, ẹ fi sí fídíò tí ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ gbé e sún mọ́ gílóòbù tó ń tàn. Tẹ́ ẹ bá rí ilà dúdú tó ń rìn kọjá lójú fóònù tàbí tí gílóòbù ń ṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè-sódò nígbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí iná 50Hz wa ń dé góńgó lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan. Ní kọ́rídọ̀, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Lórí tábìlì ìwé, ó lè máa fọ́ àwọn kan lórí, kí ojú tètè rẹ ọmọ. Gílóòbù tí fóònù ò rí ilà lára rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, bó bá tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Funfun àbí yẹ́lò: "K" ni kẹ́ ẹ wò. 2700K sí 3000K ni yẹ́lò tó sún mọ́ ti gílóòbù àtijọ́. 4000K wà láàárín. 6500K ni funfun tó fẹ́ bulú, òun ló kún ọjà wa torí ojú ènìyàn máa ń gbà pé ó mọ́ jù. Lúmẹ̀nì kan náà lè wà nínú 3000K àti 6500K o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé yẹ́lò kì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì: 2700K, torí ìmọ́lẹ̀ tó ní bulú púpọ̀ lálẹ́ máa ń lé oorun. Ìwé: 4000K. Pálọ̀: 3000K. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀ tí èsunsun bá ń wá iná kiri, yẹ́lò kì í pè wọ́n tó funfun. Lẹ́bàá ojú wíńdò, ìyẹn nìkan tó ìdí láti rà á.

Wọ́n tún lè kọ "CRI" tàbí "Ra", ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn dáadáa tó. 80 sókè ló dáa. Tó bá kéré sí i, ẹran tútù á dà bí èyí tó ti bàjẹ́, aṣọ búlúù dúdú àti dúdú á sì jọ ara wọn. Kò ṣe pàtàkì nínú lámpù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣe pàtàkì níbi tẹ́ ẹ ti ń ránṣọ.

Wáyàmẹ́nì_Òkèṣà

Ti kọ́rídọ̀: ohun tó ń jẹ kéré débi pé mítà lè má kà á, ṣùgbọ́n ẹ má fojú fò ó. Ìdí mẹ́ta ló lè fà á. Àkọ́kọ́ ni súìṣì tó ní iná kékeré tí ń tàn lókùnkùn. Iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń dé LED. Èkejì, wáyà gígùn méjì tó sùn ti ara wọn nínú páìpù, tí ọ̀kan tó jẹ́ láífù (wáyà tó ń gbé iná wá) ń jẹ́ kí iná díẹ̀ ràn mọ́ èkejì. Méjèèjì yìí ò léwu.

Ìkẹta ló léwu, ó sì wọ́pọ̀ nínú ilé tí wọ́n ṣe wáyà rẹ̀ láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n gba niútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) kọjá súìṣì dípò láífù. Gílóòbù á kú lóòótọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ súìṣì, àmọ́ láífù ṣì wà nínú hólídà. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tútù lọ pààrọ̀ gílóòbù á gbé iná. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó fi tẹ́sítà wò ó nígbà tí súìṣì wà ní pípa. Tí tẹ́sítà bá tàn nínú hólídà, kí ó pa méènì, kó pààrọ̀ wáyà méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé ara wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ ìdajì ọjọ́.

Àwọn lámpù oníplọ́ọ̀gì náà ní tiwọn. Nínú hólídà onísìkúrúù, ahọ́n ìsàlẹ̀ ló yẹ kó gba láífù, kí ara sìkúrúù gba niútírà, torí ìka ẹni lè kan sìkúrúù yẹn. Púlọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa kò ṣeé yí padà, tí wọ́n bá so ó dáadáa, á tọ́ títí ayé. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti tòkunbọ̀ ṣeé kì bọ̀ ọ́ lódì. Ẹ gé e, ẹ fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, kí fíúùsì inú rẹ̀ jẹ́ 3A. 13A tí wọ́n máa ń bá inú rẹ̀ látọjà pọ̀ jù fún wáyà lámpù tó tẹ́ẹ́rẹ́. Wáyà á ti yọ́ kó tó já.

Tí gílóòbù tuntun bá ń ṣẹ́jú, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Hólídà onípíìnì máa ń rẹ̀: sípíríǹgì inú rẹ̀ á dẹ̀, píìnì kò ní tẹ ìdí gílóòbù mọ́, á máa ta páápàápáá díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ á fi dúdú. Tẹ́ ẹ bá rí dúdú yẹn, ẹ ra hólídà tuntun. Ti onísìkúrúù, ahọ́n ìsàlẹ̀ ló máa ń tẹ̀ pẹrẹsẹ torí wọ́n lọ́ gílóòbù jù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ahọ́n náà sókè díẹ̀. Tí gílóòbù bá sì kàn án, ẹ má lọ́ ọ kọjá ibi tó ti dúró.

Oníṣọ́ọ̀bù_Ìyìn

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin ọ̀gá ò tíì sọ̀rọ̀ gílóòbù oníbátìrì, bẹ́ẹ̀ òun làwọn èèyàn ń béèrè jù nítorí iná tó ń lọ.

Ó dáa, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà. Ẹ wo bátìrì tí wọ́n kọ sára rẹ̀. 1,200mAh lọ́nà 3.7V, ìyẹn 4.4Wh. Tí wọ́n bá ní wákàtí mẹ́rin ló máa tàn, 1.1W ni á máa tàn nígbà náà, kì í ṣe 9W. Tó bá tó 100 lm, ó gbìyànjú. Ó tó fún kéèyàn má fẹsẹ̀ kọ àga, kò tó fún ìwé kíkà.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń dá a padà pé kì í tàn nígbà tí NEPA bá lọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: tí iná bá lọ, ó máa ń wò ó bóyá ọ̀nà ṣì ṣí láti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dé èkejì, gba inú fíríìjì, fáànù àti àwọn nǹkan míì tó wà lórí wáyà ilé. Tí ọ̀nà bá wà, ó mọ̀ pé NEPA ló lọ, á tàn. Tí súìṣì bá wà ní pípa, kò rí ọ̀nà, á dákẹ́. Torí náà, súìṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Tẹ́ ẹ bá yọ púlọ́ọ̀gì lámpù kúrò lára ògiri, kò ní tàn. Tí ṣéńjòfà bá wà láàárín NEPA àti jẹnẹrétọ̀, tí nǹkan míì ò sì sí lórí wáyà, kò ní tàn. Tí gílóòbù méjì bá wà lórí súìṣì kan, ẹ lè pa súìṣì kó ṣì máa tàn, torí ó gba inú èkejì rí ọ̀nà. Kò bàjẹ́ o. Ẹ fi ìka kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nígbà tí kò sí lára hólídà, á tàn lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ooru lọ̀tá bátìrì inú rẹ̀. Ẹ má fi sínú abọ́ tó dé. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tọ́jú èyí tẹ́ ò lò, ẹ máa gbé e sí iná fún wákàtí mélòó kan ní oṣù méjì-méjì, bátìrì tó bá gbẹ pátá lè má padà mọ́.

Fún rírà gan-an: ẹ ní kí wọ́n tàn án níwájú yín, ẹ má yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó tàn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n kọ ọjọ́ sára páálí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Oníṣọ́ọ̀bù tó mọ ọjà rẹ̀ á sọ fún yín, èyí tó ń tà á ní ìdajì iye kò ní gbà. Fún ti òkèèrè, SONCAP ni ìwé tó yẹ kó bá ọjà wọlé, láti ọ̀dọ̀ SON, àjọ ìjọba tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò; ti ìbílẹ̀ ni àmì MANCAP. Àmì nìkan ò tó, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ bí wọ́n ṣe ń yà á. Ẹ má ra páálí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan; ẹ ra ọ̀kan, ẹ lò ó kọjá oṣù kan tí áàfù-kọ́rẹ́ńtì pọ̀, kẹ́ ẹ tó padà wá.

Tẹ́ ẹ bá ṣì ní enájísefà àtijọ́ nílé, ẹ máa lò ó títí á fi kú, àmọ́ ẹ má fi sínú lámpù tí ọmọdé lè tari ṣubú. Mákúrì díẹ̀ wà nínú túùbù rẹ̀. Tó bá fọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fi ọwọ̀ gbá a, ọwọ̀ á tú u káàkiri ni. Páálí líle lẹ ó fi kó o, ẹ fi sẹ́lótéèpù kó èyí tó kéré, ẹ fi ìwé tó tutù nu ilẹ̀, ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá tẹ́ ẹ dì pa.

Àbíkẹ́_Ajílósùn

Ọlọ́run á bù kún yín. Ìkan tó kù: lámpù pálọ̀ ní bọ́tìnì tí ń yí ìmọ́lẹ̀ sókè-sódò, wọ́n sì kọ "MAX 60W" sára hólídà rẹ̀. Ṣé mo lè fi LED 15W sí i kó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Wáyàmẹ́nì_Òkèṣà

Ẹ lè fi 15W sí i. 60W tí wọ́n kọ yẹn, ooru ni wọ́n ń sọ, wáàtì tí gílóòbù ń jẹ gan-an lẹ máa fi wé e, kì í ṣe "100W" ńlá tí wọ́n kọ sójú páálí láti fi sọ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ti 100W. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni ìwọ̀n: LED 15W máa ń sanra, ó sì wúwo. Kó má fara kan ìbòrí aṣọ yẹn.

Bọ́tìnì yẹn ló máa ṣòro. Dímà àtijọ́ ń gé apá kan ìgbì iná kúrò ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́ ẹrù tó tó 40W kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. LED 15W kéré sí i, á máa ṣẹ́jú, á máa kùn, kàpásítọ̀ rẹ̀ á sì tètè kú, pàápàá tí páálí ò bá kọ "dimmable". Kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí àti dímà LED tuntun, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ bọ́tìnì náà kúrò, kí wọ́n fi súìṣì olókùn lásán dípò rẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi, súìṣì ni mo máa fi síbẹ̀, kí n ra 9W 3000K onígíláàsì.